Ọjọ́ Tí Bàbá Lọ́yà Bọ́ Aṣọ ní Kóòtù

Ìlà mẹ́jọ ni ẹbí fún mi nínú ìwé ìsìnkú Bàbá Àgbà mi. Mo kọ ìlà mẹ́jọ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Nígbà tí ìwé náà jáde, ìlà márùn-ún péré ni mo rí. Ìgbìmọ̀ ìsìnkú ti gé mẹ́ta yòókù dànù, wọ́n sì fi gbólóhùn kan rọ́pò rẹ̀ tí n kò kọ, tí n kò rò, tí n kò sì lè kọ láéláé: "Bàbá wa fẹ́ràn àlàáfíà, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Orúkọ mi ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwòrán mi náà wà níbẹ̀, èyí tí ojú mi kan dí.

Gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú náà ní Krofrom, àdúgbò wa ní Kumasi, ló mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo kọ́ ní yunifásítì; bí ààlà bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan péré yẹ̀, mo máa ń sọ ọ́. Ààlà tí ìgbìmọ̀ yìí fà yẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀wọ̀. Bàbá Àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Lọ́yà, "wọ́n" ni n ó máa pè wọ́n, bó ṣe yẹ kí ọmọ máa pe bàbá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn, Agya Boadu (Agya ni bàbá lédè Twi), káfíńtà ará Tafo, "ó" ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá ti kú, wọn kò lè tọrọ àforíjì mọ́. Agya Boadu wà láàyè, ó ní fóònù, ó sì mọ ilé wa. Ọjọ́ tó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí bí wọ́n ṣe fi mí sáàárín ìjà wọn ni yóò di "wọ́n."

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ. Nílé àwọn ẹlòmíràn, bí ẹja bá sọnù nínú ọbẹ̀, wọ́n á pariwo díẹ̀, ó parí. Nílé tiwa, ìgbẹ́jọ́ ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Bàbá Lọ́yà kọ́kọ́ mú mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, tí wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Akosua, níbo lo wà ní agogo méjì ọ̀sán?"

"Mo wà níléèwé, Bàbá."

"Ta ló rí ọ níbẹ̀?"

"Tíṣà mi."

"Tíṣà ọ̀hún dà?"

Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, pariwo láti ìdí iná: "Èmi ni mo jẹ ẹja yẹn! Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, jàre!" Bàbá Lọ́yà yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n yíjú sí ilé ìdáná, wọ́n ní: "Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí a ó fi pè é."

Ìta kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Aládùúgbò wa kan ní àkùkọ tó máa ń kọ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, àkókò tí Bàbá Lọ́yà máa ń sùn. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kọ sí aládùúgbò náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìṣẹ́jú tí àkùkọ kọ. Kò fèsì. Ìwé keje, àkùkọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èmi ni wọ́n rán. Wọ́n ní kí n fi lé e lọ́wọ́, kí n sì dúró gba èsì. Odindi ìdajì wákàtí ni mo fi dúró níwájú àkùkọ pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ sílé. N kò tíì dárí èyí jì.

Nígbà tí mo padà, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó gba ìwé náà?"

"Ó ṣá a jẹ, Bàbá."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. "Ó dára. Ó ti gbà á nìyẹn."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tí ọ̀gá akọrin fo ẹsẹ kẹta nínú orin nítorí pé àkókò ti lọ, Bàbá Lọ́yà dìde nígbà tí gbogbo ìjọ jókòó, wọ́n dá kọ ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ohùn tí kò bá dùùrù mu rárá. Pásítọ̀ pa ojú dé. Mo wọlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí wọ́n parí, wọ́n wo ọ̀gá akọrin, wọ́n ní: "Ẹsẹ kẹta kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ dáámù.

Ẹni tó bá gbé Kumasi mọ bí àwọn àgbà ọkùnrin ṣe máa ń jókòó sábẹ́ igi ti pátákó dáámù, eré tí àwọn mìíràn ń pè ní dráfù, tí wọ́n á máa bú ara wọn bí ẹni tó fẹ́ pa ara wọn, tí wọ́n á sì jọ lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Lọ́yà àti Agya Boadu jọ dàgbà nínú agbo ilé kan ní Krofrom ni. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Bàbá ti wá. Ìyá Boadu, ọmọ Asante, gba yàrá lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí Boadu fi gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti ní òfin kan: ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀mẹta léra, yóò fi okùn tí wọ́n sín ìdérí ìgò sí kọ́ ọrùn, yóò sì fi rìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ẹnikẹ́ni kò rí okùn yẹn lọ́rùn Bàbá Lọ́yà rí. Wọ́n sì ń fi èyí fọ́nnu níbi gbogbo. Níbi ìkómọjáde àbúrò mi, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀ kí wọ́n lè sọ fún àwọn àlejò pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, Boadu kò nà wọ́n rí. Agya Boadu gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ! O mọ̀ pé irọ́ lò ń pa!"

"Tí o bá ti nà mí rí," ni Bàbá dáhùn sínú gbohùngbohùn náà, "mú ẹlẹ́rìí wá."

Boadu jáde. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èyí ni ohun tí gbogbo ìlú mọ̀. Ohun tí ìlú kò mọ̀, Ọjọ́bọ̀ kan ni mo fi ojú ara mi rí i, ní ọdún tí mo ń parí ẹ̀kọ́ mi. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ilé nígbà tí Bàbá Lọ́yà yọ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Nǹkan kan ń ró lábẹ́ ẹ̀wù kóòtù wọn, ṣaworo, ṣaworo.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kí ló ń ró lára yín?"

"Ọkàn mi ni."

"Ọkàn yín ń ró bí agolo?"

"Ogbó ni."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sí i, okùn ìdérí ìgò sì yọ jáde lọ́rùn wọn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n fà mí wọ yàrá ìwé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí akọ̀wé wọn bá ti lọ sílé, Agya Boadu máa ń wá sí ọ́fíìsì wọn ní Bantama. Kì í kí wọn, wọn kì í kí i. Wọ́n á ta dáámù láti agogo méjì lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, yóò sì dìde, yóò lọ. Lọ́jọ́ náà Boadu ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léra, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi rí i pé okùn wà lọ́rùn wọn.

Wọ́n ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bíbélì wà ní yàrá Màmá Àgbà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti lọ mú un, nítorí náà ìwé òfin owó orí ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mo búra lórí òfin owó orí. "Tí ìyá àgbà rẹ bá gbọ́," ni wọ́n wí, "wọ́n á ní kí n máa jẹ ìrù ẹja títí n ó fi kú."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Tafo. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Agya Boadu ń múra ìsìnkú ọjọ́ Sátidé. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọjú ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí fèrèsé rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Boadu jáde níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì pariwo: "Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, n ó fa àgọ́ yìí wó lé yín lórí!" Ó dé fìlà yẹ́lò rẹ̀, ó bínú lọ. Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, ẹnìkan gé okùn àgọ́ náà, àgọ́ wó lu olórí ẹbí wọn, apá rẹ̀ sì kán. Ìyá kan tó ń yan ẹja lódìkejì ní òun rí ẹ̀yìn bàbá arúgbó kan tó dé fìlà yẹ́lò. Gbogbo ọkùnrin ìjọ Agya Boadu ni wọ́n pín fìlà yẹ́lò fún nígbà Àjíǹde. Ọlọ́pàá kò bèèrè ìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé Boadu. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, ọkùnrin tó súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún rẹ̀ kan kì í tẹ̀.

Ẹ ti ń rí ohun tó wà nílẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ yẹn, Bantama ni Boadu wà, níwájú pátákó. Ẹni méjì ló mọ̀ lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀: Bàbá Lọ́yà, àti èmi tí mo ti búra.

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni Bàbá ti gbọ́. Wọ́n gbé ife kóókò kalẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Màmá Àgbà bi wọ́n.

"Èmi ni lọ́yà Boadu."

"Boadu tí ẹ kì í bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá?"

"Lọ́yà rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́. N kò ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ní ọ̀sẹ̀ tí mo ní ìdánwò. Nínú yàrá kékeré kan, lọ́yà jókòó síhìn-ín, oníbàárà rẹ̀ jókòó sọ́hùn-ún. Mo fojú wọ̀n ọ́n: kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Èmi wà láàárín.

"Akosua, bi í pé níbo ló wà ní agogo mẹ́rin."

"Agya, wọ́n ní níbo lẹ wà?"

"Sọ fún un pé ó mọ̀."

"Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ̀."

"Mo gbọ́! Sọ fún un pé kí ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá!"

"Dabi," ni Boadu fi Twi dáhùn, bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì padà sí Yorùbá kí ó lè dùn wọ́n dáadáa. "Sọ fún un pé láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń sọ pé mo nà án, ẹnikẹ́ni kò gbà mí gbọ́. N kò ní sọ ọ́ mọ́. Ó kàn án láti sọ."

"Bi í bóyá ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ lọ!"

"Sọ fún un pé mo gbọ́ pé wọ́n ń ta dáámù níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń gbà tí wọ́n bá nà wọ́n."

Wọ́n gba béèlì rẹ̀, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún. Gbogbo ohun tí lọ́yà lè ṣe ni Bàbá Lọ́yà ṣe, àfi ẹyọ kan. Wọ́n ní kí n lọ wọn ilẹ̀ láti ibi tí ìyá ẹlẹ́ja jókòó sí dé ibi tí àgọ́ wà. Mo wọ̀n ọ́n lábẹ́ oòrùn. Wọ́n gbé fìlà yẹ́lò mẹ́tàlá wá sí kóòtù, wọ́n ní kí ìyá náà mú èyí tó rí. Ìyá náà ní, "Fìlà ni mo rí, n kò kí i." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yanjú nǹkan, nítorí agbo ènìyàn ló gbọ́ ìhàlẹ̀ Boadu ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́yà Adwoa, ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá tó sì jókòó tì wọ́n, ń bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, a nílò ẹni tó mọ ibi tí Agya wà lọ́jọ́ náà." Wọ́n á ní àwọn ń wá a. Wọ́n ń wá a! Wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ níwájú dígí láràárọ̀!

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, tí ẹ kò bá sọ ọ́ lónìí, èmi á sọ ọ́."

"O búra."

"Lórí òfin owó orí!"

"Òfin owó orí, òfin náà ni."

Kóòtù kún. Ìdajì Krofrom wà níbẹ̀, Màmá Àgbà jókòó síwájú. Bàbá wọ gáúnù dúdú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù yẹn kò béèrè fún un. Àwọn nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Adájọ́, obìnrin onísùúrù kan, béèrè pé ṣé ẹlẹ́rìí wà fún olùjẹ́jọ́. Bàbá Lọ́yà dìde. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún dìde. Wọ́n wo Agya Boadu nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Boadu ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Lọ́yà," ni adájọ́ wí, "ẹ dìde ni àbí ẹ jókòó?"

"Adájọ́ ọlọ́lá, mo bẹ̀bẹ̀ láti kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Lọ́yà Adwoa ni yóò parí rẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún, Boadu yíjú kúrò lókè. Ẹ̀rù bà á. Mo rí i.

"Kí ló dé?" ni adájọ́ béèrè.

"Mo fẹ́ jẹ́rìí. Ẹnìkan kò lè jẹ́ lọ́yà kó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan náà."

Wọ́n sì bọ́ gáúnù, wọ́n bọ́ ẹ̀wù kóòtù. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Bàbá Lọ́yà ń wọ̀ sí kóòtù kò ní apá. Wọ́n ti gé e nítorí ooru; ọrùn àti àyà nìkan ló kù. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ àpótí ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú apá wọn tín-ín-rín méjèèjì níta, wọ́n sì búra. Lórí Bíbélì. Wọ́n rí Bíbélì lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́yà Adwoa bi wọ́n ní ibi tí wọ́n wà ní agogo mẹ́rin ọjọ́ náà.

"Ní ọ́fíìsì mi ní Bantama. Pẹ̀lú Boadu. À ń ta dáámù."

"Báwo lẹ ṣe rántí àkókò náà?"

Fáànù ń yí. Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn. "Nítorí agogo mẹ́rin géérégé ni ó..."

"Ni ó ṣe kí ni, Bàbá?"

"Ni ó nà mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé kóòtù kò gbọ́."

"Ó NÀ MÍ! Ìgbà kejì nìyẹn! Ó ti nà mí ní agogo mẹ́ta, ó sì tún nà mí ní agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé akọ̀wé ti gbọ́?"

Ariwo sọ. Màmá Àgbà fọwọ́ gbá itan: "Mo mọ̀! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí okùn yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Ọlọ́pàá tó ń ṣe ẹjọ́ náà dìde. "Ọ̀rẹ́ yín ni. Ṣé ẹ kò lè purọ́ nítorí rẹ̀?"

"Mo lè purọ́ nítorí rẹ̀ dáadáa," ni Bàbá Lọ́yà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó jókòó yìí bóyá mo lè purọ́ pé Boadu nà mí."

"Kò jẹ́!" ni gbogbo Krofrom dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Bàbá Lọ́yà? Kò jẹ́ ṣe é láéláé!"

Lọ́yà Adwoa pe èmi náà. Mo wo Bàbá, wọ́n mi orí pé kí n sọ ọ́, mo sì sọ ti okùn ìdérí ìgò, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú. Nígbà tó di ọ̀sán, adájọ́ dá Agya Boadu sílẹ̀. Ẹni tó gé okùn àgọ́ yẹn, a kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Boadu kò kúrò nínú àpótí.

"Kí lẹ tún fẹ́?" ni adájọ́ béèrè.

"Adájọ́ ọlọ́lá, ẹ ní kí ó tún un sọ. Etí òsì mi tí kò gbọ́ràn dáadáa ló kọjú sí i."

"Agya, ẹ máa lọ sílé yín."

Trótrò Bantama, ọkọ̀ akérò kan, ni àwa mẹ́ta wọ̀, nítorí Màmá Àgbà ti bá àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ láti lọ ròyìn. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn pa pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, Boadu wo ojú fèrèsé, ó ní: "Mẹ́rin ni."

"Kí ni mẹ́rin?"

"Ìgbà tí mo nà ọ́ lọ́jọ́ náà. O búra lórí Bíbélì pé mẹ́ta."

"Èyí àkọ́kọ́ kò kà! O gbé ọmọ dáámù rẹ nígbà tí mo ń nu gíláàsì mi!"

"Ó kà!"

Ọdún mọ́kànlá tí wọn kò fi sọ̀rọ̀, inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ tán. Àwọn èrò ń yíjú wo ẹ̀yìn. Mo sún síwájú, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tó ṣe, ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lẹ́sẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Agya, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni bàbá yìí jẹ́ sí yín tí ẹ fi ń pariwo mọ́ ọn báyìí?"

"Lọ́yà mi ni," ni Boadu wí.

"Èmi kọ́ ni lọ́yà rẹ̀," ni Bàbá Àgbà mi dáhùn, láìsí adájọ́, láìsí Bíbélì, láìsí ẹni tó fi agbára mú wọn. "Èmi ni ẹni tí Boadu nà lẹ́ẹ̀mẹta."

"Mẹ́rin," ni Agya Boadu wí.